Bí Ẹ Ṣe Lè Gbé Àṣekágbá Bọ́ọ̀lù Sórí Íntánẹ́ẹ̀tì Láìfù, Tí Ìpolówó Ò Ní Bo Góòlù Mọ́lẹ̀

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé àṣekágbá bọ́ọ̀lù àdúgbò jáde láìfù láti pápá Campos ní Erékùṣù Èkó, mo gba owó ìpolówó lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Balógun. Kò tíì sí góòlù kankan, eré náà sì ti ń tutù lójú mi, ni mo bá tẹ bọ́tìnì. Fídíò aṣọ gba gbogbo ojú àwòrán fún ìdajì ìṣẹ́jú. Kí ó tó parí, ariwo ti sọ ní pápá. Góòlù ti wọlé. Àwọn tó ń wò wá láti ilé rí léèsì, wọ́n rí àǹkárá, wọn ò rí góòlù. Ẹni tó kọ́kọ́ pè mí kì í ṣe òǹwòran kankan, ìyá aláṣọ fúnra wọn ni: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé aṣọ mi lo wá fi bo góòlù ọmọ mi?" Ọmọ wọn ló ń gbá wíńgì òsì.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ibi tí ìpolówó máa jókòó sí ló le jù nínú iṣẹ́ yìí. Kámẹ́rà, dátà, iná, èèyàn lè fi owó tàbí sùúrù yanjú wọn. Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí àwọn ńlá ṣe ń ṣe é

Àwọn iléeṣẹ́ ńlá kì í fi ọwọ́ ju ìpolówó sáàárín eré bíi tèmi. Nígbà tí àyè bá yọ, wọ́n á fi àmì kan tí wọ́n ń pè ní SCTE-35 sínú àwòrán tó ń lọ. Ojú ò lè rí i, sáfà (server), ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń pín àwòrán, ló ń rí i. Ẹ rántí pé fídíò láìfù kì í ṣàn bí omi ẹ̀rọ. Gígé ni wọ́n ń gé e sí ege kéékèèké, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Tí sáfà bá ti rí àmì yẹn, á yọ ege eré, á sì fi ege ìpolówó sí àyè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà ní Sùúrùlérè fi lè máa rí ìpolówó ọṣẹ, kí ẹni tó wà ní London máa rí ti báńkì, nínú eré kan náà, ní àkókò kan náà.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, nígbà tí Íńdíà àti Ọsirélíà pàdé nínú àṣekágbá Ife Àgbáyé kíríkẹ́ẹ̀tì, Disney+ Hotstar, iléeṣẹ́ tó ń gbé eré jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Íńdíà, ka mílíọ̀nù 59 òǹwòran lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ohun tó wà nínú kíríkẹ́ẹ̀tì: tí ẹni kan bá ti ju bọ́ọ̀lù ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, eré á dúró díẹ̀ kí ẹlòmíì tó máa jù láti ìdí kejì. Òfin eré fúnra rẹ̀ ti ya àyè sọ́tọ̀ fún onípolówó. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ò ní irú ẹ̀. Ìṣẹ́jú 45 ni ìlàjì kọ̀ọ̀kan, aago rẹfirí kì í dúró, góòlù kì í sì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ polówó nínú bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ṣe bí onímọ́ínmọ́ín tó ń kiri: ó ń pariwo pé ọjà òun gbóná fẹlifẹli, ṣùgbọ́n kì í na apá dí ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ta ló ni eré náà?

Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ṣètò ìdíje àti ẹni tó ń bójú tó pápá. Ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì. Kí ìwé náà sọ ọ́ kedere pé ẹ lè gbé eré jáde, ẹ sì lè ta ìpolówó nínú rẹ̀. Alága àdúgbò tó sọ fún yín lẹ́nu pé "ẹ máa ṣe é, kò sí wàhálà" lè gbàgbé lọ́jọ́ tó bá rí i pé owó ti wọlé. Tí àwọn ọmọ kékeré ló ń gbá bọ́ọ̀lù, kí àwọn òbí wọn náà fọwọ́ sí i.

Gbígba Premier League lórí tẹlifíṣọ̀n kí a tún un gbé sórí YouTube, olè ni. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Orin ló máa ń dá wa lẹ́bi láìmọ̀. Kò sí àṣekágbá ní Èkó tí kì í ní DJ pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá, maíkì yín á sì gbé gbogbo orin tó bá ń kọ. YouTube ní ẹ̀rọ tó ń dá orin olórin mọ̀, tí wọ́n ń pè ní Content ID, ó sì lè tìtorí rẹ̀ dá láìfù yín dúró láàárín eré. Ẹ lọ bá DJ kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó má kọ orin nígbà tí eré bá ń lọ. Èmi ti wá rí ọgbọ́n kan dá: mo máa ń mú onídùndún kan wá. Owó tí mò ń san fún un kò pọ̀, ó mọ orúkọ àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tó bá sì fi ìlù pe ọ̀kan nínú wọn, àwọn tó ń wò láti òkè òkun a máa fẹ́ sunkún.

Ìgbésẹ̀ kejì: ojúlé yín lórí YouTube

Ẹ ṣe èyí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹni tí kò bá ṣe láìfù rí, YouTube lè fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 kó tó ṣílẹ̀kùn fún un. Tí ẹ bá sì fẹ́ lo fóònù nìkan, ẹ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán èèyàn 50 tó ń tẹ̀lé yín. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà pẹ̀lú OBS Studio, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi fídíò ránṣẹ́ láìfù, kò nílò 50 yẹn. Ọ̀fẹ́ ni OBS, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux.

Ẹ má gbójú lé ìpolówó tí YouTube fúnra rẹ̀ ń fi sínú fídíò. Kí ẹ tó lè jẹ nínú owó yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ ní èèyàn 1,000 tó ń tẹ̀lé yín àti wákàtí 4,000 tí àwọn èèyàn ti fi wo fídíò yín láàárín oṣù 12. Ẹni tó ń gbé ìdíje kan jáde lọ́dún kò lè tètè dé ibẹ̀. Owó tiwa ń bọ̀ láti ọwọ́ ìyá aláṣọ, oníkẹ́míìsì, ẹni tó ń ta táyà, ẹni tó ń kọ́ni ní ọkọ̀ wíwà.

Òfin kan wà tí mi ò mọ̀ lọ́jọ́ tí mo fi aṣọ bo góòlù: YouTube kò fẹ́ kí èèyàn gbé fídíò ìpolówó tí oníṣòwò ti ṣe tán lẹ̀ mọ́ inú fídíò tirẹ̀, bíi ti tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí ó gbà ni pé kí onígbọ̀wọ́ wà nínú ohun tí ẹ̀ ń ṣe: kí ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ sọ̀rọ̀ ọjà rẹ̀ lẹ́nu ara yín, kí ọjà náà hàn níbi eré. Ẹ tún gbọ́dọ̀ fi àmì sí àpótí tó ń sọ pé wọ́n sanwó fún yín nínú fídíò náà. Tí ẹ bá fẹ́ fi káàdì onígbọ̀wọ́ ṣíwájú fídíò, kí ó má mì, kí ó má ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, kí orúkọ tiyín náà sì wà lórí rẹ̀. Bí ibòmíì lẹ ti fẹ́ gbé eré yín jáde, ẹ ka òfin tibẹ̀ kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: títa ìpolówó

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ tà kò sí nínú kọ̀ǹpútà rárá. Bánà ni. Ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú, kí ẹ so ó mọ́ irin pápá ní òdìkejì ibi tí kámẹ́rà wà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin, gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá gba apá ọ̀hún ni orúkọ onípolówó ń hàn, kò dí ẹnikẹ́ni lójú, iná ìbáà lọ kó dé, ó wà níbẹ̀. Kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kí ọ̀rọ̀ má pọ̀. Nọ́ńbà fóònù tó kéré lórí bánà, kámẹ́rà kò lè kà á. Orúkọ àti ohun tí wọ́n ń tà tó.

Lẹ́yìn bánà, mò ń ta orúkọ onígbọ̀wọ́ kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye góòlù ní igun òkè. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìsinmi ìlàjì eré, tí onípolówó lè wá jókòó tì wá fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ má ṣèlérí iye ojú tó máa wò ó fún ẹnikẹ́ni. Iye ìgbà tí ẹ máa dárúkọ wọn ni kí ẹ ṣèlérí, nítorí ìyẹn wà lọ́wọ́ yín.

Láti ọdún 2022 ni òfin tó dá ARCON sílẹ̀ ti rọ́pò ti APCON, àwọn ló sì ń ṣọ́ ìpolówó nílẹ̀ yìí, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ onípolówó bóyá wọ́n ti yẹ tirẹ̀ wò. Ẹni tó bá gbé àgbo wá pé ó ń wo gbogbo àìsàn, tí kò sì ní ìwé NAFDAC, ẹ dá owó rẹ̀ padà fún un tìfẹ́tìfẹ́. Mo ti dá ti ẹnì kan padà rí, ó sì dùn mí, torí owó náà pọ̀ ju ti gbogbo àwọn tó kù lọ. Ọtí àti tẹ́tẹ́, mi ò gbà wọ́n rárá níbi tí àwọn ọmọ bá ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ fún onípolówó kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí oníbàárà máa sọ tó bá dé ìsọ̀: "Campos ló rán mi." Ìsọ̀ tó gbọ́ gbólóhùn yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá láàárín ọ̀sẹ̀ kan á pè yín fún ìdíje tó ń bọ̀ láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kámẹ́rà, wáyà, iná

Kámẹ́rà yóò dúró sí àárín gbùngbùn, níbi tó ga. Ní Campos, bálíkónì ilé kan lójú pápá dára ju orí tábìlì lọ. Ẹ lọ kí onílé tẹ̀yin ti ọtí ẹlẹ́ridòdò. Ọ̀pọ̀ àṣekágbá aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn á ti máa lọ sí ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà apá ìwọ̀-oòrùn pápá ni kí ẹ dúró, kí oòrùn lè wà lẹ́yìn yín. Ẹni tó bá kọjú sí i yóò máa fi òjìji èèyàn ránṣẹ́.

Wáyà HDMI á ti ara kámẹ́rà wọ capture card, ìyẹn nǹkan kékeré tó ń gba àwòrán wọ kọ̀ǹpútà. Tí ẹ bá máa rà á ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù àti kámẹ́rà yín dání, kí ẹ dán an wò lórí káńtà kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá sọ pé "ó dáa, ọ̀gá mi, ẹ ṣáà máa gbé e lọ", ẹ má gbé e lọ. Kí wáyà HDMI má gùn jù, torí àwọn tó gùn ju mítà 10 lọ lè ba àwòrán jẹ́.

Bátìrì tàbí ẹ̀rọ tó ń fi iná pamọ́ ni kí ẹ lò. Jẹnẹrétọ̀ kékeré á máa kùn sínú maíkì yín, á sì dà bí ẹni pé inú ìsọ̀ ẹni tó ń lọ ata lẹ ti ń gbé bọ́ọ̀lù jáde. Ẹ mú ọ̀rá ńlá dání. Òjò Èkó kì í ránṣẹ́ ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: íntánẹ́ẹ̀tì

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Wọ́n á lọ dán íntánẹ́ẹ̀tì wò ní pápá lówùúrọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, á dùn wọ́n nínú, wọ́n á padà wá lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú èrò rẹpẹtẹ, gbogbo èrò náà á máa fi fóònù wọn ṣe fídíò, òpó kan náà ni gbogbo wọn á sì máa lò. Ọjọ́ tí eré mìíràn bá wà ní pápá yẹn, ní aago 4 kan náà, ni kí ẹ lọ dán an wò. Ìyára tí ẹ fi ń fi nǹkan ránṣẹ́ ni kí ẹ wò, kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń gbà wọlé.

Nínú OBS, 1280 × 720 ni kí ẹ lò, àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 3,000 kbps (iye dátà tó ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tí kì í lọ sókè sódò, kí keyframe, ìyẹn àwòrán odindi tí àwọn tó tẹ̀lé e dúró lé, máa wá ní ìṣẹ́jú àáyá 2 síra, kí ohùn jẹ́ 128 kbps. Ìyára ìfiránṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì iye yẹn, ìyẹn bíi 6 Mbps (6,000 kbps). Ní ti dátà, 3,000 kbps á jẹ bíi 1.4 GB ní wákàtí kan. Eré, ìsinmi, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà àdúgbò àti ìfife-lélẹ̀ á tó wákàtí méjì àbọ̀, nítorí náà ẹ ka 3.5 GB, kí ẹ ra 10. Ẹ lo síìmù iléeṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan nínú módẹ̀mù, èkejì nínú fóònù tó ń dúró dè é. Starlink ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù Kìíní ọdún 2023, ẹni tó bá ní in lè gbé e wá, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run gbọ́dọ̀ ṣí gbayawu níwájú rẹ̀, ìyẹn sì ṣòro láàárín àwọn ilé gogoro Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ẹ jẹ́ kí OBS máa gba eré náà pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe ń fi í ránṣẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà mélòó kan tó gba abẹ́ òkun já lẹ́bàá Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì di ìràwọ̀ ọ̀sán ní Nàìjíríà. Síìmù kejì pàápàá lè má gba èèyàn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Netflix pàápàá, nígbà tí Mike Tyson àti Jake Paul jà ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, àwòrán ń dúró sójú ọ̀pọ̀ òǹwòran lọ́wọ́. Tí tiyín bá já, ẹ ṣì máa ní eré náà lọ́wọ́ láti gbé sókè lálẹ́, ìpolówó tí wọ́n sanwó rẹ̀ á sì wà nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìgbà wo ni kí ìpolówó wọlé?

Ẹ kọ àwọn ìgbà tí bọ́ọ̀lù kú pátápátá sínú ìwé kan: nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ọmọ; nígbà tí dókítà bá ti wọ pápá; nígbà tí rẹfirí bá ní kí wọ́n lọ mu omi; lẹ́yìn góòlù, tí ìjó ti parí, tí bọ́ọ̀lù ń padà sí àárín. Ìgbà yẹn nìkan. Kọ́nà kò sí nínú rẹ̀, firíkíìkì kò sí nínú rẹ̀. Jíju bọ́ọ̀lù wọlé náà kò sí nínú rẹ̀, nítorí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kan lè jù ú dé ẹnu ilé góòlù kí ẹ tó mí.

Ọ̀rọ̀ ẹnu kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 12 lọ, àwòrán pápá kò sì gbọdọ̀ kúrò lójú. Irú èyí ni mo máa ń kọ fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa:

"Dókítà ti wọlé, ẹ jẹ́ ká fún un láyè. Ẹ̀yin tí ẹ ní òde lọ́jọ́ Sátidé, aṣọ ẹbí tí àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí, ó wà ní Balógun lọ́dọ̀ ìyá aláṣọ wa. Ẹ sọ pé Campos ló rán yín."

Ẹ kà á sókè kí ẹ wo aago. Tí ọmọ tó ṣubú bá ṣèṣe gan-an, tó ń ké, ẹ gbé ìwé ìpolówó sílẹ̀. Kò sí owó tó tó ìyẹn.

Ẹni tó máa pàṣẹ ìpolówó gbọ́dọ̀ mọ bọ́ọ̀lù. Ohun tí mo ṣì ṣe nìyẹn níjọ́ kìíní: kọ̀ǹpútà ni mò ń wò, mi ò wo pápá. Ní báyìí, àbúrò mi kan tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí ló ń dúró tì mí, ojú rẹ̀ kì í kúrò lórí pápá. Tó bá fọwọ́ kàn mí léjìká, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀. Tó bá fọwọ́ kàn mí lẹ́ẹ̀kejì, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á dákẹ́, ìbáà jẹ́ àárín gbólóhùn ló wà, á sì padà sínú eré. Ìpolówó tó já sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a máa kọ ọ́ sílẹ̀, a máa tún un sọ kí eré tó parí.

Ìlàjì eré ni ọjà ti ń tà jù. Ìṣẹ́jú 15 ni òfin fún àwọn agbábọ́ọ̀lù láti sinmi. Ẹ fi góòlù ìlàjì àkọ́kọ́ hàn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí onípolówó tó jókòó tì yín sọ̀rọ̀ nípa góòlù náà kó tó dárúkọ ọjà rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, wọ́n á gbọ́ ọ títí dé ọ̀rọ̀ táyà.

Ohun kan tún wà tó ń dójú ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwòrán yín máa ń dé ọ̀dọ̀ òǹwòran lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú àáyá 20 tàbí 30, kò sì dọ́gba fún gbogbo wọn. Nítorí náà ẹ má ṣe polówó pé "ẹni 5 àkọ́kọ́ tó bá pè máa gba ẹ̀bùn". Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní pápá ló máa gbà á, ẹni tó wà ní Ìkòròdú á ní ẹ lu òun ní jìbìtì. Títí di alẹ́ ọjọ́ yẹn ni kí ẹ fi ṣe gbèdéke.

Lọ́jọ́ eré, àti lẹ́yìn rẹ̀

Aago 12 ọ̀sán ni kí ẹ dé pápá fún eré aago 4. Ẹ so bánà, ẹ fi láìfù tí aráyé kò rí dán gbogbo rẹ̀ wò fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ fi fóònù ẹlòmíì tó ń lo dátà tirẹ̀ wò ó, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ jẹun. Ẹ ṣí láìfù gan-an ní ìṣẹ́jú 10 kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ tó sùn, ẹ gé ibi tí ẹ ti dárúkọ onípolówó kọ̀ọ̀kan kúrò nínú fídíò tí ẹ gbà pamọ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pẹ̀lú iye èèyàn tó wò ó gẹ́gẹ́ bí YouTube Studio ṣe kọ ọ́. Iye gan-an ni kí ẹ sọ, ìbáà jẹ́ 83. Mo ti fi 83 ránṣẹ́ rí, ẹni tó ń ta táyà sì dá mi lóhùn pé èèyàn 83 kì í wọ ìsọ̀ òun láàárín oṣù kan.

Ìyá aláṣọ ti sanwó ìdíje tó ń bọ̀ sílẹ̀. Bánà méjì, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ẹ̀mẹrin, ìṣẹ́jú mẹ́ta ní ìlàjì eré. Wọ́n ní kí n kọ ohun kan sí ìsàlẹ̀ ìwé àdéhùn náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, mo sì kọ ọ́: nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ ọmọ àwọn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ aṣọ.